Ilé Ọkọ, Ilé Ọkọ̀, Ilẹ̀ Oko

Ilé Olùkọ́ Àjàdí,
Ẹ̀yìn Ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi,
Inísà,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹrin, ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Ìtọ́jú Ilé àti Ilẹ̀ Ojú-Irin Àtijọ́,
Òpópónà Ìbà,
Ìkìrun,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

LẸ́TÀ MÉJÌ TÍ Ẹ KỌ NÍPA ILÉ KAN ṢOṢO NÍ ÒKÚKÙ: ÈWO NI KÍ A TẸ̀LÉ?

1. Mo kí yín o, mo sì kí gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ yín. Orúkọ mi ni Ìyáàfin Fẹ́yìsetán Àjàdí, olùkọ́ àgbà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Inísà ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n Òkúkù ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ìyá mi, Màmá Felicia Àmọ̀kẹ́ Jọláyẹmí, ló ń gbé inú rẹ̀ títí di òní. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún ni wọ́n. Àwọn ni lẹ́tà yín méjèèjì tẹ̀ lọ́wọ́, àwọn náà ni wọ́n sì ní kí n bá àwọn kọ èsì, nítorí wọn kò mọ̀wé.

2. Kí n má fi àkókò yín ṣòfò. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá kí ìyá mi dúró nínú ilé wọn tàbí kí wọ́n jáde. Mo ti ka lẹ́tà méjèèjì tó ìgbà mẹ́wàá. Mo kà wọ́n láàárọ̀, mo kà wọ́n lẹ́yìn oúnjẹ, mo fi awò ojú kà wọ́n, mo yọ awò ojú kà wọ́n. Ṣe ni ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ ń tojú sú mi.

3. Lẹ́tà àkọ́kọ́, tí ẹ kọ ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹta, sọ pé ilé ìyá mi ni ibi tí ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ ń dúró sí ní Òkúkù láyé àtijọ́, àti pé Ìgbìmọ̀ yín ti kọ ọ́ mọ́ àwọn ilé tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ó ní a kò gbọdọ̀ rẹ́ ògiri rẹ̀, a kò gbọdọ̀ kùn ún, a kò gbọdọ̀ pààrọ̀ páànù rẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ kan ìṣó kan ṣoṣo mọ́ ọn láìgba àṣẹ. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ iṣẹ́ yín wá kan pátákó mọ́ iwájú ilé náà. Ìṣó mẹ́fà ni wọ́n fi kàn án. Ohun tí wọ́n kọ sí i ni: ILE OKO AKOKO NI OKUKU.

4. Lẹ́tà kejì dé ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kẹta kan náà. Èyí sọ pé orí ilẹ̀ ojú-irin ni ibẹ̀ wà, pé oko ni wọ́n fi ń dá, pé ẹnikẹ́ni kò gbé ibẹ̀. Ó ní kí ẹni tó ń dáko náà kó irè oko rẹ̀ àti ahéré rẹ̀ kúrò kí oṣù Kẹrin tó parí, nítorí katapílà ń bọ̀ wá tẹ́ ilẹ̀ náà pẹrẹsẹ. Òǹtẹ̀ kan náà ló wà lábẹ́ lẹ́tà méjèèjì. Ìfọwọ́sí kan náà ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òǹtẹ̀. Mo fi wọ́n lé ara wọn, mo gbé wọn sókè sí oòrùn, ìlà ìfọwọ́sí náà bára mu tán pátápátá.

5. Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ògiri náà fún yín, nítorí n kò rò pé ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin ọ̀gá ti fojú rí i. Lókè ni pátákó wà, tó ní ká má fọwọ́ kan ilé. Lábẹ́ pátákó náà gan-an ni àwọn ọmọ iṣẹ́ yín mìíràn ti fi ọ̀dà pupa fa ìlà méjì tó gba ara wọn kọjá, àmì tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ ilé tí wọ́n fẹ́ wó. Àwọn tó kun ọ̀dà yẹn rí pátákó o. Màmá ní wọ́n tilẹ̀ fi bébà bo ìdí rẹ̀ kí ọ̀dà má baà ta sí i, tí wọ́n parí, wọ́n yọ bébà wọn, wọ́n sì kí Màmá pé ẹ kú ilé. Àwọn ọlọ́kadà tó ń kọjá máa ń dúró wò ó báyìí. Wọ́n á wo òkè, wọ́n á wo ìsàlẹ̀, wọ́n á bi Màmá pé èwo ni. Màmá á ní kí wọ́n lọ bi ìjọba.

6. Bẹ́ẹ̀ ilé náà ń jò. Kí lẹ́tà kankan tó dé ni mo ti bá káfíńtà kan láti Igbaye sọ̀rọ̀, Olúwadámiláre lorúkọ rẹ̀, pé kó wá pààrọ̀ páànù mẹ́rin tó wà lórí yàrá Màmá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kejì tí wọ́n kan pátákó ló dé. Ó ti gun àkàbà dé ìdajì kí ó tó kà á. Ó sọ̀kalẹ̀. Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n ti òun mọ́lé nítorí ìṣó. Nígbà tí lẹ́tà kejì dé, mo tún ránṣẹ́ pè é, mo ní wọ́n kúkú fẹ́ wó o, ta ló tún máa bá a wí tó bá kan ìṣó mọ́ ọn. Ó ní ta ló máa ń tún òrùlé ilé tí wọ́n fẹ́ wó ṣe. Òjò mẹ́ta ló ti rọ̀ láti ìgbà náà, orí ibùsùn Màmá ni omi ń dà sí. Wọ́n ti ká ẹní wọn lọ sí yàrá iwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kékeré kan tí n óò sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́.

7. Kí n tó gbàgbé, nítorí ó jẹ mọ́ fèrèsé náà. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí pátákó yín dé tí olùkọ́ kan fi kó ọmọ ilé-ìwé bí ogójì wá wo tẹ́sàn ọkọ̀ ojú irin àkọ́kọ́. Màmá ń lọ ata lọ́wọ́. Wọ́n rò pé àwọn ọmọ Sọ́ńdè Sukúù ni wọ́n wá kí àwọn, inú wọ́n dùn, wọ́n wọlé lọ gbé ẹ̀pà, wọ́n ṣí fèrèsé kékeré náà, wọ́n sì ń gba ibẹ̀ há a fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ náà ní kí àwọn ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé bí àwọn èèyàn ayé àtijọ́ ṣe ń gba tíkẹ́ẹ̀tì nìyẹn. Mo gbọ́ pé wọ́n tilẹ̀ fi ṣe ìdánwò. Èmi tí mo ti fi ìdánwò lélẹ̀ ní gbogbo ayé mi, n kò mọ máàkì tí mo máa fún irú èyí.

8. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kẹta, mo wọ bọ́ọ̀sì láti Inísà wá sí ọ́fíìsì yín ní Ìkìrun. Wọ́n ní kí n lọ sí Ẹ̀ka Ìtàn. Ìyáàfin Ọmọ́wùnmí ni mo bá níbẹ̀. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, èèyàn dáadáa ni wọ́n. Wọ́n gbé àga fún mi, wọ́n fún mi lómi, wọ́n ní ẹ kú oríire, ilé yín ti di ilé ìtàn. Wọ́n bi mí bóyá mo ní fọ́tò ibi tí Bàbá mi ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Mo ní Bàbá mi kò ta tíkẹ́ẹ̀tì rí. Mo wá fa lẹ́tà kejì yọ. Wọ́n kà á, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu wọn, wọ́n ní kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn ló ti wá, kí n lọ sí Ẹ̀ka Ilẹ̀, yàrá tó dojú kọ tiwọn.

9. Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀olúwa ni mo bá ní Ẹ̀ka Ilẹ̀. Òun náà bọ̀wọ̀ fún mi. Ó bi mí pé kí la gbìn sí ibẹ̀, ṣé ẹ̀gẹ́ ni tàbí àgbàdo. Mo ní ìyá mi ló wà níbẹ̀. Ó ní ṣé Màmá ló ń dáko náà. Mo ní Màmá kì í dáko, inú ilé ni wọ́n wà. Ó ní inú ahéré. Mo ní inú ilé oníyàrá mẹ́rin tó ní fáráńdà. Ó wo ìwé iwájú rẹ̀ títí, ó gbójú sókè wò mí, ó tún wo ìwé, ó wá rọra sọ fún mi pé ìwé òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin Ọ̀gá, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì nípa ilé tí wọ́n ti bí mi.

10. Láti ẹnu ọ̀nà yàrá kìíní dé ẹnu ọ̀nà yàrá kejì kò ju ẹsẹ̀ méje lọ. Mo kà á. Mo bẹ àwọn méjèèjì pé kí wọ́n jáde sí àárín, kí wọ́n bá ara wọn sọ ọ́ lójú mi. Wọ́n jáde. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n béèrè ọmọ lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n wá ní ọ̀rọ̀ náà yà àwọn lẹ́nu. Lẹ́yìn náà kálukú padà sí yàrá rẹ̀, èmi náà padà sí Inísà. Inú bí mi débi pé mo sọ̀ kalẹ̀ ní ìdíkọ̀ tí kì í ṣe tèmi.

11. Ní ọjọ́ keje oṣù Kẹrin yìí ni mo tún wá. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò jókòó. Mo ní mo fẹ́ fojú ara mi rí ìwé tí wọ́n ń kà. Ìyáàfin Ọmọ́wùnmí mú tiwọn wá, Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀olúwa mú tiẹ̀ wá, a tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì tó wà níta. Àdàkọ ìwé kan náà ni méjèèjì. Níbi tí wọ́n ti béèrè pé kí ni ibí yìí, ẹnì kan ti fi lẹ́tà ńlá tẹ̀ ẹ́ pé: ILE OKO. Kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Kò sí àmì kankan nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo ní kí wọ́n kà á sí mi létí. Ìyáàfin Ọmọ́wùnmí kà á pé “ilé ọkọ̀”. Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀olúwa kà á pé “ilẹ̀ oko”. Kálukú kà á bí ẹni pé kò sí ọ̀nà mìíràn tí a tún lè gbà kà á.

12. Nígbà náà ni mo wá jókòó. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní èdè Yorùbá, n kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún. Mo dúpẹ́ pé ẹ kò ní ẹ̀ka kẹta, nítorí bóyá àwọn ì bá kà á pé “ilé ọkọ́”, kí wọ́n wá gba ọkọ́ àti àdá lọ́wọ́ Màmá. Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀olúwa ṣàlàyé fún mi pé kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì kò ní àmì ohùn, àti pé ó máa ń yé gbogbo èèyàn bẹ́ẹ̀ náà. Mo ní lóòótọ́ ni, ó ti yé gbogbo yín, ohun tó yé yín ni kò pa pọ̀.

13. Mo wo ìsàlẹ̀ ìwé náà láti mọ ẹni tó kọ ọ́. Orúkọ tí wọ́n fi gègé kọ síbẹ̀ ni Olúwajùwọ́n, mo sì mọ ìkọ̀wé yẹn kí n tó ka orúkọ, nítorí èmi ni mo kọ́ ọ ní kíláàsì karùn-ún ní Inísà. Mo pè é lórí fóònù. Ó wá sílé mi ní ọjọ́ Wẹ́sìdé, ó dọ̀bálẹ̀, n kò tilẹ̀ tíì bi í ní nǹkan kan. Ó ní nínú oṣù Kìíní ni wọ́n rán òun lọ sí Òkúkù pẹ̀lú okùn ìwọnlẹ̀. Òun rí ilé tó wà lẹ́bàá irin, òun bi Màmá pé kí ni ibí yìí, ohun tí wọ́n sọ ni òun sì kọ. Mo ní kí ni wọ́n sọ gan-an. Ó ní wọ́n ní, “Ilé ọkọ mi ni.” Mo ní “mi” yẹn ńkọ́. Ó ní ààyè tó wà nínú ìwé náà kò gbà á.

14. Ilé ọkọ mi. Kì í ṣe ilé ọkọ̀, kì í ṣe ilẹ̀ oko. Arúgbó kan sọ fún yín pé ilé tí ọkọ òun mú òun wọ̀ nìyí, ọ́fíìsì yín sì ti ara ọ̀rọ̀ náà fa tẹ́sàn kan àti oko kan yọ. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni kí n sọ, ẹ má ṣe bá ọmọ náà wí. Ọdún tí ó wà ní kíláàsì mi ni ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ gbà wá lóṣù púpọ̀. Nígbà tí a wọlé padà, mo sáré kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìṣe, a kò dé orí àmì ohùn. Mo sọ fún wọn pé wọ́n á kọ́ ọ ní kíláàsì kẹfà. N kò bi ẹnikẹ́ni léèrè rí bóyá wọ́n kọ́ ọ. Ó dùn mí nígbà tí mo rántí. Nínú ẹ̀bi yìí, ẹ ka tèmi mọ́ ọn.

15. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀. Mo fẹ́ jókòó kọ lẹ́tà kúkúrú sí yín pé méjèèjì ni ẹ kà ṣì, kí ẹ yọ pátákó, kí ẹ pa ọ̀dà rẹ́, kí ẹ jẹ́ kí Màmá sinmi. Ní ọjọ́ kejì, mo lọ sí Òkúkù láti lọ ròyìn fún wọn. Mo ní Màmá, wọ́n ní ilé ọkọ̀ ni ibí. Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn náà kò kúkú parọ́. Wọ́n wá sọ ohun tí n kò gbọ́ rí fún mi, èmi tí mo ti lo ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta láyé.

16. Gẹ́gẹ́ bí Màmá ṣe sọ ọ́, tẹ́sàn àkọ́kọ́ kò sí níbi tí ilé wa wà rárá. Òdì kejì irin ló wà, níbi tí wọ́n ti ń la pákó lónìí. Ilé kékeré alápákó ni, páànù ni wọ́n fi bo orí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ tẹ́sàn olókùúta, wọ́n tú ti àkọ́kọ́ palẹ̀. Wọn kò tíì bí mi nígbà náà. Bàbá mi, olóògbé Tímótì Jọláyẹmí, ń bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa tan àtùpà tó ń sọ fún ọkọ̀ pé kó dúró tàbí kó máa bọ̀. Ọ̀gá wọn ní kí àwọn òṣìṣẹ́ kó ohun tó bá wù wọ́n nínú àlòkù náà. Àwọn tó kù kó pákó lọ dáná. Bàbá mi, tó ń múra àtigbé ìyàwó, kó ilẹ̀kùn méjì, páànù, bẹ́ǹṣì gígùn kan, àti fèrèsé kékeré onípákó tí wọ́n ń gbà ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ohun tó fi kọ́ ilé nìyẹn. Orí ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi ń dá oko iṣu, tí ó sì fi ta á lọ́rẹ nígbà tó fẹ́ gbéyàwó, ló kọ́ ọ sí. Bí irin ṣe wá sún mọ́ ilẹ̀ náà tó bẹ́ẹ̀, Màmá ní àwọn kò mọ̀, irin ti wà níbẹ̀ kí àwọn tó wọlé ọkọ.

17. Fèrèsé tí mo ń wí nìyẹn. Láti kékeré ni mo ti ń rí Màmá tí wọ́n ń ta ìṣáná, ṣúgà àti ọṣẹ láti ibẹ̀. Mo rò pé gbogbo ilé ló ní irú rẹ̀.

18. Ẹ̀yin Ọ̀gá, ẹ wá bá mi wò ó. Ilé ọkọ ni, bí Màmá ṣe sọ. Àmọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, páànù rẹ̀ àti fèrèsé rẹ̀, ti ilé ọkọ̀ ni. Orí ilẹ̀ oko ló sì dúró sí. Mo wá fẹ̀sùn kàn yín pé ẹ kà á ṣì, n kò wá mọ ẹni tó kà á ṣì mọ́. Bí ẹ bá wó o, ṣé ilé ìyá mi lẹ wó tàbí tẹ́sàn tí ẹ̀yin fúnra yín ní ká má kan ìṣó mọ́? Bí ẹ bá sì dá a sí nítorí pé tẹ́sàn ni, ta ló ń sùn sí tẹ́sàn? Ibi tí tẹ́sàn gan-an wà ńkọ́, tí ẹni tó ń la pákó níbẹ̀ kò mọ nǹkan kan, tí ẹ kò kan pátákó mọ́ ọn? Mo da àwọn ìbéèrè yìí rò títí, orí ń fọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ní ìwé ìtàn lọ́wọ́, ẹ bá mi dá sí i.

19. Ohun kan ṣoṣo ló dá mi lójú. Màmá ní ní gbogbo ọdún tí Bàbá mi fi tan àtùpà, kò tan pupa àti àwọ̀ ewé pọ̀ lójú irin kan náà rí. Wọ́n ní bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, bóyá ẹ̀mí pàápàá yóò bọ́. Ohun tí lẹ́tà yín méjèèjì ṣe sí ìyá mi gan-an nìyí.

20. Nítorí náà, mo fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ yín. Ẹ kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí wa, kí ó fagi lé àwọn méjì yòókù, kí ó sì sọ ọ́ kedere pé Màmá Felicia Àmọ̀kẹ́ Jọláyẹmí lè máa gbé ilé wọn títí ọjọ́ tí Ọlọ́run yóò fi pè wọ́n. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà pààrọ̀ páànù mẹ́rin náà kí òjò tó pọ̀ sí i. Àwọn páànù àtijọ́ tó bá yọ, a ó tọ́jú wọn fún yín, a kò ní ta wọ́n. Kí àwọn tó kun ọ̀dà pupa wá pa á rẹ́, kí wọ́n tún fi bébà bo pátákó bí wọ́n bá ń ṣe é. Ní ti ìtàn, Màmá ní ẹ wá ya fèrèsé náà ní fọ́tò nígbàkigbà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara tẹ́sàn àkọ́kọ́ ni, àwọn á sì fi ibi tí tẹ́sàn náà wà gan-an hàn yín. Kí ẹ ṣáà kan ilẹ̀kùn kí ẹ tó wọlé. Ní ti kọ̀ǹpútà yín, bí kò bá ní àmì ohùn, ẹ fi gègé fi àmì sí i. Bí ẹ bá fẹ́, èmi yóò wá sí Ìkìrun ní gbogbo ọjọ́ Tọ́sìdé láti wá kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ yín lọ́fẹ̀ẹ́, kí Olúwajùwọ́n jókòó síwájú.

21. Ó ku ohun kan. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kun ọ̀dà yẹn ni Màmá ti di ẹrù wọn. Àpótí onírin kan ni, ìdì aṣọ kan, Bíbélì, àti àtùpà Bàbá. Wọ́n kó o sí fáráńdà, wọ́n sì ń jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì gígùn tí Bàbá kó wá láti tẹ́sàn, wọ́n á kọjú sí irin. Àwọn tí kò mọ̀ wọ́n rò pé ọkọ̀ ni wọ́n ń dúró dè. Bí mo bá ní kí wọ́n tú ẹrù, wọ́n á ní lẹ́tà kejì ńkọ́. Bí mo bá ní ká lọ sí ọ̀dọ̀ mi ní Inísà, wọ́n á ní lẹ́tà kìíní ní kí àwọn má fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ń dùn mí gan-an láti máa wò wọ́n níbẹ̀.

22. Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mo ka ìwé yìí sí wọn létí. Nígbà tí mo dé ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ yín ti kà á ní ọ̀nà méjì, wọ́n gbé ọwọ́ sókè pé kí n dúró. Wọ́n ní, “Ẹnu ni mo fi sọ ọ́ fún ọmọ yẹn. Láti ìgbà tí mo ti ń pe ibí ní ilé ọkọ mi, kò sí ẹni tó gbọ́ ọ tó wá ń wá ọkọ̀. Ìwé wọn ni kò létí. Ní kí wọ́n rán ẹni tó létí wá.”

Ẹ̀yin Ọ̀gá, mo bẹ̀ yín, ẹ rán ẹni tó létí wá kí oṣù yìí tó parí.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, tí mò ń retí èsì kan, kì í ṣe méjì,

Fẹ́yìsetán Àjàdí (ọmọ Jọláyẹmí),
Olùkọ́ Àgbà tó ti fẹ̀yìn tì.

Àtẹ̀ka Màmá Felicia Àmọ̀kẹ́ Jọláyẹmí, tó ń gbé ní ilé ọkọ rẹ̀, Òkúkù.